Agogo Akéde àti Ilé Ìpàdé

Apá ìlà-oòrùn ìlú Douala, ní ilẹ̀ Kamẹrúùnù, ni Yassa wà, lẹ́bàá ọ̀nà ńlá tí ó ti inú ìlú náà jáde lọ sí Edéa àti Yaoundé. Nítòsí rẹ̀ ni pápá ìṣeré Japoma wà, tí ó gba ènìyàn 50,000. Ní ọjọ́ 29 oṣù kìíní ọdún 2022, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Kamẹrúùnù pàdé ti Gámbíà ní pápá yìí nínú ìdíje ife-ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà, àwọn onílé sì fi góòlù 2 sí òdo borí àlejò wọn. Karl Toko Ekambi ni ó gbá méjèèjì wọlé. Àwọn tí kò rí àyè wọ pápá jókòó sílé, wọ́n tan tẹlifísọ̀n.

Bí irú eré bẹ́ẹ̀ bá ń lọ lọ́wọ́, ẹni tí ó ń fi tẹlifísọ̀n gba àwòrán rẹ̀ láti inú afẹ́fẹ́ kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n fi àwòrán náà ránṣẹ́. Ilé kan gbà á, ilé 1,000 sì gbà á, ìnáwó ẹni tí ó fi í ránṣẹ́ kò lé sí i. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń wò ó lórí fóònù láti inú íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ̀dà tirẹ̀ lọ́tọ̀ ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí i. Aládùúgbò rẹ̀ ń gba ẹ̀dà mìíràn. Bí ènìyàn 1,000 bá ń wo eré kan náà ní àdúgbò kan náà, ìgbà 1,000 ni ẹrù kan ṣoṣo yóò gba ojú ọ̀nà kan ṣoṣo kọjá. Ènìyàn lè béèrè pé, ṣé kò sí ẹni tí ó ronú ọ̀nà tí ó sàn ju èyí lọ ni? Ẹni bẹ́ẹ̀ wà, ó sì ti pẹ́. Ìtàn ohun tí ó ronú kàn, bí ó ṣe di ọ̀nà méjì tí kò gbọ́ èdè ara wọn, àti wàhálà tí àwọn ọ̀mọ̀wé ṣe láti fi afárá sí àárín wọn, ni ó yẹ kí a gbé yẹ̀ wò.

Fífi ohùn kan ṣoṣo bá ọ̀pọ̀ ènìyàn sọ̀rọ̀ kì í ṣe nǹkan àjèjì ní Douala. Kí àwọn ará Jámánì tó gba ilẹ̀ náà ní ọdún 1884 ni àwọn ọmọ Duala tí ń gbé etí odò Wouri ti ń fi ìlù onígi, èyí tí a gbẹ́ inú rẹ̀ tí a sì la ojú rẹ̀, sọ̀rọ̀ láti abúlé dé abúlé. Ìlù náà kì í ṣe ariwo lásán. Ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ èdè wọn ni ó ń fọ̀, gẹ́gẹ́ bí dùndún ti ń fọ èdè Yorùbá. Àwọn ará Jámánì ṣe àkọsílẹ̀ nípa rẹ̀ kí ọ̀rúndún kọkàndínlógún tó parí. Bí ìlù bá dún, gbogbo ẹni tí etí rẹ̀ bá gbà á ni ó gbọ́, ìbáà jẹ́ ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn, ìbáà jẹ́ ẹni tí kò kàn.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, akéde ni ó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí. Yóò mú agogo, yóò lọ láti òpópó dé òpópó, yóò kéde àṣẹ ọba, kò sì ní yọ ilé kankan sílẹ̀. Ọ̀nà mìíràn sì tún wà. Bí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ ti ẹgbẹ́ kan, wọn kì í pariwo rẹ̀ ní ojúde. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ohun tí ẹgbẹ́ ń ṣe ni yóò gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ sí ilé olórí ẹgbẹ́, ibẹ̀ ni yóò ti gbọ́. Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá kan gbogbo ìlú, agogo akéde ló dára. Nígbà tí ó bá kan ènìyàn márùn-ún tí wọ́n fọ́nká sínú ìlú ńlá, ilé ìpàdé ló dára. Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà.

Nígbà kan láàárín ọdún 1980 sí 1989, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń jẹ́ Steve Deering wà ní Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà, David Cheriton sì ni olùkọ́ rẹ̀. Nígbà náà, bí kọ̀ǹpútà kan bá fẹ́ bá kọ̀ǹpútà 100 sọ ọ̀rọ̀ kan náà, àfi kí ó sọ ọ́ nígbà 100. Deering rò ó pé àdírẹ́sì kò yẹ kí ó jẹ́ ti ilé nìkan; ó lè jẹ́ ti ẹgbẹ́. Kí olùfiránṣẹ́ kọ àdírẹ́sì ẹgbẹ́ sára ìdì ọ̀rọ̀, kí ó jù ú sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kí àwọn ẹ̀rọ atọ́nà tí a ń pè ní ráútà sì máa gbé e lọ, kí wọ́n má ṣe dà á kọ àfi ní oríta tí àwọn olùgbà bá ti yà kúrò lọ́dọ̀ ara wọn. Ẹni tí ó ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ kò ní láti mọ iye ọmọ ẹgbẹ́ tàbí ibi tí wọ́n ń gbé. Èyí ni a ń pè ní multicast. Ní ọdún 1985 ni òun àti Cheriton kọ́kọ́ gbé àbá náà jáde fún àwọn oníṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì. Ní ọdún 1989 ni ìlànà rẹ̀ fìdí múlẹ̀. Ní ọdún 1991 ni Deering sì parí ìwé tí ó fi gba oyè ọ̀mọ̀wé lórí rẹ̀. Àwọn àdírẹ́sì tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ẹgbẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti 224.0.0.0 títí dé 239.255.255.255, bẹ́ẹ̀ ni ó sì wà títí di òní.

Ọ̀nà kìíní tí wọ́n gbà mú èrò yìí ṣẹ jọ ti akéde, dense mode sì ni orúkọ tí wọ́n fún un. Bí ìdì ọ̀rọ̀ bá dé ọ̀dọ̀ ráútà, yóò tì í jáde sí gbogbo ojú ọ̀nà tí ó kù, títí ọ̀rọ̀ náà yóò fi dé gbogbo ìkángun ìlú. Ráútà tí kò bá ní ẹni tí ó fẹ́ ẹ lẹ́yìn rẹ̀ yóò ránṣẹ́ padà sí ẹni tí ó gbé e wá pé, ‘Gé ẹ̀ka tèmi kúrò.’ Báyìí ni igi tí ó ti yọ ẹ̀ka sí gbogbo ìhà yóò ṣe di èyí tí a tọ́, tí ó ku ẹ̀ka tí ó ní èso nìkan. Ṣùgbọ́n ẹ̀ka tí a gé kì í kú. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta nínú irú kan, wákàtí méjì nínú irú mìíràn, ráútà yóò gbàgbé pé wọ́n ti sọ fún òun rí, akéde yóò sì tún gbé agogo rẹ̀ jáde.

Ní oṣù kẹta ọdún 1992, nígbà tí ẹgbẹ́ àwọn tí ń ṣe òfin íntánẹ́ẹ̀tì ń ṣe ìpàdé wọn ní San Diego, wọ́n lo ọ̀nà yìí láti fi ohùn ìpàdé náà ránṣẹ́ sí ibi 20 lẹ́ẹ̀kan náà. Láti inú èyí ni ètò tí wọ́n ń pè ní MBone ti dìde. Nítorí pé ọ̀pọ̀ ráútà ayé ìgbà náà kò mọ èdè ẹgbẹ́, wọ́n ń di ìdì ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ sínú ìdì mìíràn tí ó ní àdírẹ́sì ilé, kí ó lè gba àárín àwọn tí kò mọ̀ ọ́n kọjá. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1994, àwọn olórin Rolling Stones fi apá kan nínú eré wọn ní Dallas ránṣẹ́ gba ojú ọ̀nà yìí, ayé sì yà.

Àṣeyọrí náà ni ó tú àbùkù rẹ̀ síta. Akéde kò mọ̀ pé àwọn ọ̀nà kan tóóró. Nígbà náà, ọ̀pọ̀ ìlú ní Ìwọ̀-Oòrùn àti Àárín Gbùngbùn Áfíríkà ni kò ní okùn abẹ́ òkun tí ó lè gbé ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà púpọ̀. Sátẹ́láìtì ni wọ́n fi ń bá òkèèrè sọ̀rọ̀, owó rẹ̀ sì ga. Okùn SAT-3, tí ó gúnlẹ̀ sí Cotonou, Èkó àti Douala bí ó ti ń lọ sí gúúsù Áfíríkà, kò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ àfi ní ọdún 2002. Ká ní irú ìlú bẹ́ẹ̀ darapọ̀ mọ́ ètò akéde, orin tí ẹnikẹ́ni kò béèrè ni ìbá máa ya wọ ojú ọ̀nà tóóró rẹ̀ nígbà gbogbo, kí ó tó ráàyè sọ pé òun kò fẹ́. Ìyà mìíràn tún wà nínú rẹ̀: ráútà tí kò ní olùgbà kankan pàápàá ní láti máa rántí gbogbo olùfiránṣẹ́ tí ó ti kọ̀. Ẹni tí kò ra ọjà ni ó ń ru àkọsílẹ̀ ọjà.

Nítorí náà ni wọ́n ṣe wá ọ̀nà kejì. Ní ọdún 1993, Tony Ballardie ti Yunifásítì London pẹ̀lú Paul Francis àti Jon Crowcroft gbé àbá kan jáde pé kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní igi kan ṣoṣo tí gbòǹgbò rẹ̀ wà ní ibi tí gbogbo ènìyàn mọ̀. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, Deering fúnra rẹ̀, pẹ̀lú Deborah Estrin, Dino Farinacci, Van Jacobson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, gbé ètò tí wọ́n pè ní PIM jáde. Ìlànà apá rẹ̀ tí ń jẹ́ sparse mode jáde ní ọdún 1997, wọ́n sì tún un ṣe ní ọdún 1998.

Nínú ètò yìí, ráútà kan ni a yàn ṣe ilé ìpàdé fún ẹgbẹ́. Ráútà tí olùgbà bá wà lẹ́yìn rẹ̀ yóò béèrè, ìbéèrè náà yóò máa gba ọwọ́ ráútà kan bọ́ sí òmíràn títí yóò fi dé ilé ìpàdé, ọ̀nà tí ó gbà lọ ni ọ̀rọ̀ yóò sì gbà padà wá. Ráútà tí ó wà lẹ́nu ọ̀nà olùfiránṣẹ́ yóò di ọ̀rọ̀ rẹ̀ sínú ìdì, yóò fi í ránṣẹ́ tààrà sí ilé ìpàdé. Bí ilé ìpàdé bá rí i pé àwọn tí ń fẹ́ ẹ wà, yóò la ọ̀nà sọ́dọ̀ olùfiránṣẹ́, yóò sì sọ fún ráútà náà pé kí ó dẹ́kun dídi ìdì. Nígbà tí olùgbà bá ti mọ orúkọ olùfiránṣẹ́, ó lè fi ilé ìpàdé sílẹ̀, kí ó gba ọ̀nà àbùjá lọ bá a. Kò sí ẹni tí yóò gba ohun tí kò béèrè.

Ìgbà tí ọ̀nà méjèèjì wà láyé tán ni wàhálà bẹ̀rẹ̀. Àwọn ibìkan ti ná owó sórí ọ̀nà akéde, wọn kò fẹ́ fi í sílẹ̀; àwọn mìíràn ti gba ilé ìpàdé. Àwọn méjèèjì pààlà, wọ́n sì fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ara wọn. Ẹ wo ibi tí ìdènà wà. Láàárín ráútà àti ráútà ní ìlú akéde, ẹni tí ó bá dákẹ́ ni ó fẹ́. Ẹni tí kò fẹ́ ni í lanu. Ní ìlú ilé ìpàdé, ẹni tí ó bá dákẹ́ ni kò fẹ́. Ẹni tí ó fẹ́ ni í lanu. Ìdákẹ́jẹ́ kan náà ni, ìtumọ̀ rẹ̀ ni ó takora. Ráútà tí ó dúró ní ẹnubodè, tí ojú rẹ̀ kan wo ọ̀hún tí ojú rẹ̀ kejì wo ìhín, ni ó ní láti jẹ́ ògbufọ̀ ìdákẹ́jẹ́.

Ìṣòro láti ìlú akéde sí ìlú ilé ìpàdé kò le púpọ̀. Ọ̀rọ̀ olùfiránṣẹ́ tí ó wà ní ìlú akéde yóò dé ẹnubodè fúnra rẹ̀, níwọ̀n bí akéde kì í ti í yọ ibì kankan sílẹ̀. Oníbodè yóò ṣe bí ẹni pé lẹ́nu ọ̀nà òun gan-an ni olùfiránṣẹ́ náà ń gbé. Yóò di ọ̀rọ̀ náà, yóò sì fi í ránṣẹ́ sí ilé ìpàdé pẹ̀lú àmì tí ó fi hàn pé láti ẹnubodè ni ó ti wá. Láti ìlú ilé ìpàdé sí ìlú akéde ni ibi tí ọ̀rọ̀ ti di kókó. Oníbodè kò lè béèrè ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ kan àfi tí ó bá mọ̀ pé ẹnìkan ń fẹ́ ẹ nínú ìlú akéde. Kò sì lè mọ̀, nítorí pé àwọn ibẹ̀ kì í béèrè. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ bá dé ni wọ́n tó ń fi hàn bóyá wọ́n fẹ́ tàbí wọ́n kọ̀. Ọ̀rọ̀ kò sì lè dé láìjẹ́ pé a béèrè rẹ̀.

Ojútùú tí ìlànà ọdún 1998 fún un rọrùn, ṣùgbọ́n owó gọbọi ni. Ó ní kí oníbodè béèrè ohun gbogbo. Kí ó lọ sí gbogbo ilé ìpàdé tí ó wà, kí ó ní òun ń fẹ́ ọ̀rọ̀ gbogbo ẹgbẹ́ àti gbogbo olùfiránṣẹ́, kí ó kó wọn dé ẹnubodè, kí ó jẹ́ kí àwọn ará inú gé èyí tí wọn kò fẹ́. Ìlú tí ó ti lé akéde jáde ní ẹnu ọ̀nà iwájú wá rí i pé ó ti gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Bill Fenner dá àbá mìíràn pé kí àwọn ráútà ìlú akéde máa kó orúkọ àwọn ẹgbẹ́ tí ó ní ọmọ láàárín wọn jọ, kí wọ́n máa fi í ránṣẹ́ sí ẹnubodè. Èyí ni kí ìlú akéde kọ́ bí a ti ń béèrè.

Ní ọdún 1999 ni Dave Thaler kó àwọn òfin tí ó yẹ kí oníbodè máa tẹ̀ lé jọ sínú ìwé kan. Ohun tí ó jẹ ẹ́ lógún jù ni pé kí ọ̀rọ̀ má ṣe máa yí po. Bí ìlú méjì bá ní ẹnubodè méjì láàárín wọn, ọ̀rọ̀ tí ó gba ti ọ̀kan wọlé lè gba ti èkejì jáde, kí ó tún padà wá, kí ó máa pọ̀ sí i ní gbogbo ìgbà tí ó bá yí po. Òfin tí ó dènà èyí ni pé ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo ni ọ̀rọ̀ olùfiránṣẹ́ kan gbọ́dọ̀ gbà wọlé, èyíinì ni ẹnu ọ̀nà tí ráútà náà fúnra rẹ̀ ìbá gbà bí ó bá fẹ́ padà lọ sọ́dọ̀ olùfiránṣẹ́ náà. Ohun tí ó bá gba ibòmíràn dé, kí ó sọ ọ́ nù.

Ilé iṣẹ́ Cisco tún gbé ètò kan jáde tí ó da méjèèjì pọ̀ sára ráútà kan ṣoṣo. Bí a bá mọ ilé ìpàdé ẹgbẹ́, kí ó lo ilé ìpàdé. Bí a kò bá mọ̀ ọ́n, kí ó lo akéde. Ohun tí ó fa èyí yẹ fún àkíyèsí. Báwo ni gbogbo ráútà yóò ṣe mọ ibi tí ilé ìpàdé wà? Ẹgbẹ́ méjì, 224.0.1.39 àti 224.0.1.40, ni wọ́n fi ń kéde rẹ̀, akéde ni ó sì ń gbé ọ̀rọ̀ àwọn ẹgbẹ́ méjèèjì kiri. Ilé ìpàdé tí wọ́n kọ́ kí wọ́n lè bọ́ lọ́wọ́ agogo, agogo náà ni ó ń júwe rẹ̀ fún ènìyàn. Ewu rẹ̀ kò sì pẹ́ kí ó tó hàn. Bí ilé ìpàdé bá bàjẹ́, tí orúkọ rẹ̀ sì parẹ́ nínú ìrántí àwọn ráútà, gbogbo ẹgbẹ́ náà á padà sọ́wọ́ akéde lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀rọ̀ á sì ya bo gbogbo ojú ọ̀nà. Nígbà tí ó yá, wọ́n ṣe àṣẹ tí a lè fi dí ọ̀nà ìpadàsẹ́yìn yìí.

Lẹ́yìn èyí, afárá náà bẹ̀rẹ̀ sí í dá ṣófo. Ní ọdún 2005, ìlànà dense mode ti PIM jáde gẹ́gẹ́ bí ìdánwò lásán. Ní ọdún 2006, wọ́n tún ìlànà ilé ìpàdé kọ, wọ́n sì tẹ ìlànà mìíràn jáde pẹ̀lú rẹ̀ nínú èyí tí olùgbà ń dárúkọ olùfiránṣẹ́ tí ó fẹ́ gbọ́, tí kò sì nílò ilé ìpàdé rárá. Nígbà tí ìwé ìlànà sparse mode tún jáde ní oṣù kẹta ọdún 2016, oníbodè àti ìbéèrè-ohun-gbogbo rẹ̀ kò sí nínú rẹ̀ mọ́. Wọ́n yọ wọ́n kúrò nítorí pé àwọn tí ó lò wọ́n kò pọ̀ tó láti jẹ́rìí sí wọn. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2020, àwọn aṣòfin íntánẹ́ẹ̀tì tún dámọ̀ràn pé kí a jáwọ́ nínú gbígba ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ láti ọ̀dọ̀ olùfiránṣẹ́ èyíkéyìí láàárín ilé iṣẹ́ kan àti òmíràn. Kí a lo ìlànà tí a ti ń dárúkọ olùfiránṣẹ́.

Nítorí náà, ní òní, inú ọgbà onílé kan ṣoṣo ni multicast ti ń ṣiṣẹ́ jù: ilé iṣẹ́ tí ń fi okùn gbé tẹlifísọ̀n wọlé àwọn oníbàárà rẹ̀, ọjà ìpín-ìdókòwò tí ń kéde iye owó fún àwọn alágbàtà. Níbẹ̀, ẹnìkan ni ó ni gbogbo ráútà, òun ni ó sì ń san gbogbo owó. Bí ó bá ti di pé kí ọ̀rọ̀ kọjá ẹnubodè lọ sí ilẹ̀ ẹlòmíràn, àwọn ìbéèrè tí kò sí nínú ìwé ìlànà yóò yọjú. Ta ni yóò san owó ẹ̀dà tí ráútà aládùúgbò dà kọ? Ta ni yóò dá ẹni tí ń da ọ̀rọ̀ ìranù sínú ẹgbẹ́ dúró? Èrè wo ni ó wà fún oníbodè tí ń ru ẹrù àwọn ẹlòmíràn? Deering àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti dáhùn bí ọ̀rọ̀ yóò ṣe kọjá. Ìdí tí onílẹ̀ yóò fi jẹ́ kí ó kọjá ni a kò tíì dáhùn tán.

Ibi tí a ti ya ọ̀rọ̀ wá sí Yassa nìyí. Kì í ṣe àìmọ̀ ni ó mú kí eré Japoma máa lọ ní ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan sí fóònù kọ̀ọ̀kan. Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá rí i pé ó rọrùn fún wọn láti gbé àká kékeré sí ìtòsí ìlú, kí wọ́n máa bu ẹ̀dà níbẹ̀ fún oníkálukú, ju kí wọ́n bá gbogbo oníbodè ayé ṣe àdéhùn lọ. Níbi tí àká wà nítòsí, tí ọ̀nà sì fẹ̀, ìyà rẹ̀ kò pọ̀. Níbi tí ọ̀nà ti tóóró, tí olùwò ń ra dátà ní díẹ̀díẹ̀, olùwò fúnra rẹ̀ ni ó ń san owó afárá tí àwọn onílẹ̀ kò tẹ́.

Ẹ̀kọ́ tí ìtàn yìí fi sílẹ̀ fún ẹni tí ń kọ́ ọmọ lẹ́kọ̀ọ́ kì í ṣe ti kọ̀ǹpútà nìkan. Àwọn ènìyàn méjì lè ní ọgbọ́n méjì, kí ọgbọ́n méjèèjì sì dára ní àyè tirẹ̀. Ohun tí ó máa ń ṣòro ni ẹnubodè tí wọ́n ti pàdé, níbi tí ìdákẹ́jẹ́ ọ̀kan jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, tí ti èkejì sì jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ dúró níbẹ̀ gbọ́dọ̀ gbọ́ èdè méjèèjì, kí ó sì mọ ẹni tí yóò san owó iṣẹ́ rẹ̀ kí ó tó bẹ̀rẹ̀.